Adeyemi kọ́ ni Adeyemo, ẹ bá mi sọ fún kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àtàwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké máa ń kó lísìtì orúkọ wá bá mi, lísìtì méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò bára mu, èmi á wá wo ta ni ta nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ Oluwaseun lọ́dún tó kọjá ti kọ Seun lọ́dún yìí, Sola ti di Shola, orúkọ bàbá ṣíwájú níbì kan ó gbẹ̀yìn níbòmíì, ẹlòmíì sì fi Alhaja tàbí Engr. síwájú orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà mú kìkì èyí tó bára mu wẹ́kú, èèyàn púpọ̀ máa sọnù. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo fuzzy matching, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà wo bí orúkọ méjì ṣe jọra tó, kó fún wọn ní máàkì láti 0 dé 1, àwa á wá fa ìlà síbì kan, ká ní èyí tó bá ti kọjá 0.85, ẹnì kan náà ni.

Ìlà yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ṣé 0.85 ni kí n fi sí ni àbí 0.9? Èsì mi ni pé ẹ má tíì fọwọ́ kàn án rárá, torí pé wàhálà ò sí níbẹ̀.

Ẹ wò ó. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń lò fún orúkọ èèyàn ni Jaro-Winkler. Matthew Jaro ló gbé apá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1989, látinú iṣẹ́ tó ṣe fún ìkànìyàn Amẹ́ríkà, nígbà tó di 1990 William Winkler fi èènì lé e: tí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ méjèèjì bá bára mu, títí dé mẹ́rin, máàkì á ga sí i, torí pé àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe níbẹ̀rẹ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn fún orúkọ tiwọn. Àmọ́ tiwa ńkọ́? Adé, Olú, Ọlá, Ògún, Ifá, Ayọ̀, àìmọye èèyàn ló jọ ń jẹ́ apá iwájú yẹn, ẹ̀yìn orúkọ la ti ń dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ gan-an ni èènì yẹn ń bọ́ sí.

Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i. Adeyemi àti Adeyemo gba 0.94. Oluwafemi àti Oluwaseun, èèyàn méjì tí wọn ò bára wọn tan, gba 0.87. Seun àti Oluwaseun, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹnì kan náà, 0.45 péré! Ibo lẹ máa wá fa ìlà sí tí èyí á fi yanjú? Kò sí ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè Seun á sọnù, tẹ́ ẹ bá gbé e wálẹ̀ Femi á di Seun.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń tú orúkọ yẹn ká kí n tó fi wéra. Màá yọ oyè kúrò, màá sọ sh di s, màá wá gé Oluwa, Olu, Ade tàbí Ola kúrò níwájú, màá fi sínú àpótí tiẹ̀, màá sì pa èènì iwájú yẹn. Femi àti Seun wá di 0.50, Seun àti Seun di 1, yemi àti yemo bọ́ sí 0.83. Ẹ má ju apá iwájú yẹn nù o, torí Adebola àti Olubola á di Bola méjèèjì. Òfin mi ni pé tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní in, a lè gbà á, tí àwọn méjèèjì bá ní in tí ò sì bára mu, ó tán, èèyàn méjì ni wọ́n.

Soundex ńkọ́, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ database? Ọdún 1918 ni wọ́n ti gbàwé àṣẹ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń mú lẹ́tà àkọ́kọ́, á ju fáwẹ̀lì nù, á wá sọ kọ́ńsónáǹtì di nọ́ńbà. Adeyemi di A350. Adeyemo náà A350. Adeniyi, Adewunmi, títí kan Adamu, A350 ni gbogbo wọn. Ẹ má lò ó fún orúkọ wa, ẹ dákun.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà ńbẹ̀. Kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, torí náà fóònù kan lè kọ ẹ kó wá fi àmì lé e, òmíì á kọ e, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi tòkè sí i, lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ó yàtọ̀. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di irú kan náà kẹ́ ẹ tó fi wéra, kẹ́ ẹ wá tọ́jú orúkọ bí onítọ̀hún ṣe kọ ọ́ sí ibòmíì, torí pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ káàdì ẹ̀, bó ṣe ń jẹ́ ẹ lẹ máa kọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ní èèyàn láti Bẹ̀nẹ̀, ẹ rántí pé ìkọ̀wé Faransé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, Adéṣínà á di Adéchina, Ajíbádé á di Adjibadé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìbejì. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ wà nínú lísìtì, orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn làwọn méjèèjì fi sílẹ̀. Orúkọ wọn ò jọra rárá, àmọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ro gbogbo máàkì yòókù pọ̀, ó da àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, owó tí Kẹ́hìndé ń dá bọ́ sórúkọ Táíwò. Ẹ̀yìn oṣù méjì ló tó hàn. Látìgbà yẹn, tí orúkọ ẹnì kan bá jẹ́ Táíwò tí tìkejì jẹ́ Kẹ́hìndé, nǹkan míì tó bá bára mu ò já mọ́ nǹkan kan, wọn ò gbọ́dọ̀ papọ̀. Mo tún ní ìwé kékeré kan tí mo kọ Taiye sí ẹ̀gbẹ́ Taiwo, Kenny sí ẹ̀gbẹ́ Kehinde, torí Taiwo àti Taiye fúnra wọn, kódà téèyàn bá fi èènì iwájú yẹn sí i, ò ju 0.81 lọ.

Orúkọ ilé iṣẹ́ rọrùn díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi Ventures, Global, Enterprises, & Sons, Nigeria Limited, Nig. Ltd, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ méjì tó jẹ́ pé Global Ventures Nigeria Limited nìkan ló pa wọ́n pọ̀ á gba máàkì tó ga. Orúkọ bí Ọlọ́runṣògo sì wọ́pọ̀ ju kéèyàn fi òun nìkan dájọ́, ẹ fi àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà CAC (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́) kún un.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí lẹ tó lè wá sídìí ìlà, méjì sì lẹ máa fà. Ivan Fellegi àti Alan Sunter ti kọ ọ́ sílẹ̀ látọdún 1969: òkè, ẹ pa wọ́n pọ̀, ìsàlẹ̀, ẹ yà wọ́n, àárín, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara wò ó. Láti mọ ibi tẹ́ ẹ máa fà á sí, ẹ mú bí igba orúkọ méjì-méjì nínú lísìtì tiyín, ẹ fọwọ́ ara yín kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá wo iye tí kọ̀ǹpútà gbà. Tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ san, ẹ gbé ìlà òkè lọ sókè dáadáa, kí owó ẹnì kan má bàa bọ́ sápò ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ̀ ń wá, ẹ fa tìsàlẹ̀ wálẹ̀.

Èmi kọ́ ni mò ń wo ti àárín yẹn. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá gbé e lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀kan wà tó fi bíírò fàlà sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo: èyí ni Ṣọlá aláṣọ, èyí ni Ṣọlá ọmọ Alhaja, ìyá yìí ti kú lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀ ló ń san án.