Ṣóyíinká (orúkọ ìdílé)

Ṣóyíinká jẹ́ orúkọ ìdílé Yorùbá, ọ̀kan lára àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó-, tí wọ́n wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ ní Ṣóyínká, Ṣóyinká, Soyinka tàbí Shoyinka. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń jẹ́ Adéyẹmí. Síbẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Nàìjíríà tí kò gbọ́ ọ rí, nítorí Wọlé Ṣóyíinká, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, ní ọdún 1986.

Ìhun orúkọ náà

Odidi gbólóhùn ni: Oṣó yí mi ká. "Yí… ká" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, èyí tí a máa ń la sí méjì kí ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ lè wọ àárín: ọgbà yí ilé ká, ọmọ yí ìyá wọn ká. Nígbà tí gbólóhùn yìí di orúkọ, ohun méjì ló ṣẹlẹ̀. Ìró "o" tó ṣíwájú nínú "oṣó" já bọ́, bí "i" ti máa ń já bọ́ lára Ifá nínú Fáwọlé. Lẹ́yìn náà, "m" tó wà nínú "mi" pòórá, ó wá ku fáwẹ̀lì aránmúpè, "in". Ohùn àárín tó wà lórí "mi" kò bá a lọ, ìdí nìyẹn tí "í" àti "i" fi tò tẹ̀lé ara wọn nínú àkọsílẹ̀ tó péye: Ṣó-yí-in-ká, sílébù mẹ́rin, mí-mí-re-mí. Bí ènìyàn bá yára pè é, sílébù kejì àti ìkẹta á wọnú ara wọn, ibẹ̀ sì ni Ṣóyínká ti wá.

Ẹni tó bá rí "yin" láìsí àmì ohùn lè rò pé "yìn" ni, bí ẹni pé oṣó ń yin ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adéyíinká àti Ọláyíinká ló bá a dọ́gba: adé yí mi ká, ọlá yí mi ká. "Mi" yìí kan náà ló fara pamọ́ sínú Ṣówándé, oṣó wá mi dé, àti nínú Akínwándé, akin wá mi dé, tí í ṣe ọ̀kan lára orúkọ àbísọ Wọlé Ṣóyíinká fúnra rẹ̀.

Ìtumọ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé aláwo a máa sọ ọmọ ní Ifá- tàbí Awo-, ìdílé àgbẹ̀dẹ àti ọdẹ ní Ògún-, ìdílé onílù ní Àyàn-, ìdílé eégún ní Ọ̀jẹ̀-. Orúkọ Ṣó- náà ń tọ́ka sí ilé tí a ti mọ agbára oṣó, tí a sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ibí yìí ni àṣìtúmọ̀ ti pọ̀ jù. Lóde òní, tí a bá ti gbọ́ "oṣó àti àjẹ́", ìkà ló ń wá sí wa lọ́kàn, nítorí náà àwọn tó ń túmọ̀ orúkọ yìí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ọ́ bí igbe ẹni tí ọ̀tá ká mọ́. Kí a wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ná. Ṣóbọ̀wálé ni pé oṣó padà wá sílé. Ṣótáyọ̀ ni pé oṣó tó ohun tí a ń yọ̀ sí. Bí oṣó bá jẹ́ ibi pọ́nńbélé, ta ni yóò fi bíbọ̀ rẹ̀ kí ọmọ tuntun káàbọ̀? Nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, oṣó ni ọkùnrin tó ní àṣẹ àti ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀, tó lè dáàbò bo ará ilé rẹ̀. Bí ọlá ṣe yí ẹni tó bí Ọláyíinká ká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbára yí ẹni tó bí Ṣóyíinká ká. Òbí tó sọ ọmọ lórúkọ ló ń jẹ́ "mi" níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí "mi" inú Bámidélé ti jẹ́ ti òbí.

Bí ó ṣe di orúkọ ìdílé

Láyé àtijọ́, Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ bàbá ńlá láti ìran dé ìran. Orúkọ àbísọ, oríkì àti agboolé ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn míṣọ́nnárì ló yí èyí padà. Wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún 1892 ni ẹ̀sìn Kristi tó tàn ká. Ọmọ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ méjì nínú ìwé: èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, àti ti bàbá rẹ̀. Orúkọ bàbá yẹn ló wá lẹ̀ mọ́ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni Ṣóyíinká jẹ́ nígbà kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ ẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí ilé méjì tó ń jẹ́ ẹ má bá ara wọn tan rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹbí ni wọ́n kò gbọdọ̀ gbé e lé orúkọ nìkan. Kí ó béèrè ìlú, lẹ́yìn náà agboolé, lẹ́yìn náà oríkì orílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, a lè wá lọ wo ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì wá orúkọ náà lábẹ́ "Sho" àti lábẹ́ "So".

Ìdí tí kò fi pọ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tún sọ ọmọ jòjòló ní Ṣóyíinká gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ. Ìjogún ló ń gbé e kiri jù. Lẹ́yìn tí ìgbàgbọ́ dé, àwọn ìdílé kan tí orúkọ òrìṣà tàbí ti awo ń kọ lóminú yí i padà, bí Fá- ṣe di Jésù- tàbí Olú- ní ilé mìíràn. Àwọn obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ sì máa ń fi í sílẹ̀, àyàfi àwọn tó bá so ó pọ̀ mọ́ ti ọkọ.

Kíkọ ọ́ sórí ìwé àti kọ̀ǹpútà

"Sh" wá láti ọwọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ Yorùbá. "S" lásán sì jẹ́ "ṣ" tí àmì abẹ́ rẹ̀ ti jábọ́. Ìpàdánù yìí ń da ìran orúkọ rú, nítorí Ṣọlá àti Ṣọpẹ́, tí kò ní oṣó nínú rárá, á wá dà bíi ti Ṣótáyọ̀. Nínú ìwé ìrìnnà, ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà kì í gba àmì kankan fún orúkọ, A sí Z nìkan ni.

Lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ yìí rọrùn ju ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá lọ. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà: Ṣ jẹ́ U+1E62, ó jẹ́ U+00F3, í jẹ́ U+00ED, á jẹ́ U+00E1. Kò nílò àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn, bíi ti ẹ́ àti ọ̀. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni kí òǹkọ̀wé mú Ş àwọn ará Tọ́kì (U+015E) tàbí Ș ti Romania (U+0218), nítorí wọ́n jọra lójú. Ẹni tó bá wá fi Ṣ tòótọ́ wá orúkọ náà lè má rí ìwé yẹn. Bákan náà ni ìlà òòró tí àwọn kan ń fà sábẹ́ S (U+0329): kọ̀ǹpútà kò kà á sí ọ̀kan náà pẹ̀lú àmì tóótó (U+0323).

Àwọn tó ń jẹ́ ẹ

Wọlé Ṣóyíinká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1934, ni olókìkí jù lọ. Bàbá rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyíinká, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Aké, wá láti Ìsarà-Rẹ́mọ. Nínú ìwé tí ọmọ rẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pè, tó jáde ní 1989, orúkọ tó fún ẹni tó dúró fún bàbá yìí ni Soditan. Orúkọ Ṣó- kan ló fi rọ́pò òmíràn. Ibùdókọ̀ ojú irin Láderin ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyíinká, ní oṣù Keje 2024 sì ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ ní Ìgànmú, Èkó.

Ọmọ rẹ̀, dókítà Ọláòkun Ṣóyíinká, ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Káyọ̀dé Ṣóyíinká jẹ́ oníròyìn, òun sì ni aṣojú ìwé ìròyìn Newswatch ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1986. Òun ló wà pẹ̀lú Délé Gíwá, olóòtú Newswatch, nínú yàrá nígbà tí bọ́ǹbù inú àpòòwé pa Gíwá ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kéde Ẹ̀bùn Nobel ti Wọlé. Káyọ̀dé yè é.