Rọ́bà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Ta Gíláídà Yín Sókè?

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gíláídà máa ń bi mí jù ni pé, "Rọ́bà tó nípọn tó báwo ni kí n rà?" Èsì mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé gíláídà náà sórí ìwọ̀n ná. Bí ẹ kò bá tíì mọ bó ṣe wúwo tó, kò sẹ́ni tó lè sọ rọ́bà tó yẹ ẹ́ fún yín, títí kan ẹni tó ń tà á.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: gíláídà ni bàálù kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí èèyàn ń dúró nílẹ̀ fi rìmóòtù darí. Kó tó lè dé òkè, a ó gbá èèkàn irin mọ́lẹ̀, a ó so rọ́bà gígùn tó ní ihò nínú mọ́ ọn, a ó sì so okùn ọ̀rá mọ́ rọ́bà náà. Òrùka kékeré tó wà lẹ́nu okùn la fi ń kọ́ ìkọ́ abẹ́ gíláídà. A ó fà á sẹ́yìn, a ó kọjú rẹ̀ sí atẹ́gùn, a ó sì jù ú sílẹ̀. Bó bá gòkè tán tí rọ́bà ti dẹ̀, òrùka á yọ fúnra rẹ̀. Nínú ìdíje gíláídà tí wọ́n ń pè ní F3L, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lábẹ́ orúkọ F3-RES, gíláídà onígi tí apá rẹ̀ kò ju mítà 2 lọ láti ẹnu kan dé ẹnu kejì ni wọ́n ń lò, rọ́bà jẹ́ mítà 15, okùn sì jẹ́ mítà 100.

Ìfà tí mo máa ń wá, ìyẹn agbára tí rọ́bà fi ń fa gíláídà, jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ìwúwo gíláídà. Bí tiyín bá jẹ́ gíráàmù 500, ohun tí ẹ ń wá wà láàárín kílò 1.5 sí 2.5, kílò 2 ni èmi sì máa ń fẹ́. Bó bá jẹ́ fóòmù ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má kọjá ìlọ́po mẹ́ta, torí apá rẹ̀ lè ṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo bí rọ́bà ṣe tóbi níta nìkan, ojú sì ń tàn wọ́n jẹ. Ara rọ́bà ló ń fà, ihò kì í fa nǹkan kan. Ẹ mú rọ́bà méjì tí ìbú wọn níta jẹ́ mìlímítà 8. Ihò ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4, ti ìkejì jẹ́ 6. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Ẹ yọ 4 lọ́nà 4 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 48. Ẹ yọ 6 lọ́nà 6 kúrò nínú 64 náà, ó ku 28. Iye tó kù yìí ló ń fi bí ara rọ́bà ṣe pọ̀ tó hàn. Bí ìkejì bá ń fa kílò 2, àkọ́kọ́ á máa fa nǹkan bíi kílò 3.4, bẹ́ẹ̀ lójú lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìṣirò nìkan kò tó, torí rọ́bà ilé iṣẹ́ kan kì í le bíi ti èkejì. Ẹ ní kí ọlọ́jà gé mítà kan fún yín. Ẹ so orí kan mọ́ òpó, ẹ fi ìwọ̀n oníkọ̀ọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn báàgì arìnrìn-àjò, kọ́ orí kejì, kí ẹ wá fà á títí mítà kan yẹn á fi di mẹ́ta. Iye tí ìwọ̀n bá kọ ni rọ́bà mítà 15 tàbí 30 máa fi fa gíláídà yín, bí ẹ bá nà án dé ìlọ́po mẹ́ta bákan náà. Gígùn rọ́bà kò fi nǹkan kan kún ìfà, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ìfà náà pẹ́, ibẹ̀ sì ni gíga ti ń wá. Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí ẹnì kan ra rọ́bà kúkúrú tó nípọn bí àtàǹpàkò fún gíláídà kékeré. Á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, apá á máa gbọ̀n, òrùka á sì ti yọ kí gíláídà tó rójú gùn.

Rọ́bà tí wọ́n fi oje igi rọ́bà ṣe ni mo fara mọ́, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń so mọ́ èèyàn lápá kó tó gba ẹ̀jẹ̀. Igi yẹn náà ni ẹ máa rí nínú oko ńláńlá ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Oǹdó. Bí ẹ bá ń fà á, á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á rọ̀, ìfà rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìlọ́po méjì dé mẹ́rin. Bó bá kọjá márùn-ún tàbí mẹ́fà, á tún gan pa, ibẹ̀ ló sì ti ń bà jẹ́. Nítorí náà, bí rọ́bà yín bá jẹ́ mítà 15, ẹ rìn sẹ́yìn mítà 30 láti ibi tí okùn ti nà gbọnrangandan, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Sílíkóònù kì í tètè gbó lóòótọ́, àmọ́ bí nǹkan bá ha á lára díẹ̀, ó lè ya. Èyí tí wọ́n fi aṣọ hun bò lára kì í nà tó.

Ẹ má ta ẹnu rọ́bà ní kókó lásán. Ẹ ki igi kékeré roboto bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ fi òwú tó nípọn dì í láti ìta, kó má baà gé ara rẹ̀.

Oòrùn àti epo ni ọ̀tá rọ́bà. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ sá a síbi òjìji, ẹ bu pọ́dà sí i lára, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò nínú ilé. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀.

Kí ẹ tó tún fà á lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá nídìí èèkàn, torí ibẹ̀ ló ti sábà máa ń sán. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, ẹ gé e kúrò kí ẹ sì tún un dì. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ojú ọ̀nà okùn nígbà tí ẹ bá ń nà án, torí bí èèkàn bá fà tu, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fà á ló ń bọ̀.