Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àtìgbàdégbà fún àwọn agbọ́tí lórí títa ọtí bó ṣe yẹ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí títa ọtí bó ṣe yẹ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń bu ọtí nídìí káńtà, àwọn tó ń gbé e lọ sórí tábìlì, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti máníjà ilé ọtí. Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n ta ọtí fún, ìgbà tó yẹ kí wọ́n dá a dúró, àti bí wọn yóò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ láìdá ìjà sílẹ̀. Kíláàsì wákàtí mélòó kan ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdánwò a tẹ̀ lé e, ìwé ẹ̀rí a sì jáde. Kíláàsì kan ṣoṣo kò tó. Ènìyàn tètè máa ń gbàgbé òfin àti ìṣirò. Èyí tó sì le jù níbẹ̀, ìyẹn kíkọ̀ fún oníbàárà tó ń bínú láàárín èrò, kò ṣeé mọ̀ ọ́n ṣe bí a kò bá máa fi dánra wò. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba kan ṣe fi ọjọ́ ìparí sí ìwé ẹ̀rí náà, tí àwọn ilé ọtí tó mọṣẹ́ sì máa ń tún ẹ̀kọ́ náà ṣe kí ọjọ́ ìparí yẹn tó dé.

Òfin àti ọjọ́ ìparí ìwé ẹ̀rí

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn ibi tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ yìí di dandan, ní ìparí ọdún 1986. Ní California, láti ọdún 2022, agbọ́tí tuntun gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí láàárín 60 ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 3 sì ni ìwé náà fi wúlò. Ti Illinois náà jẹ́ ọdún 3, ti Texas jẹ́ ọdún 2, ti Ontario ní Kánádà sì jẹ́ ọdún 5. Ní Austrálíà, káàdì New South Wales ń lo ọdún 5, Victoria ní tirẹ̀ ń béèrè ẹ̀kọ́ ìránnilétí ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ní Skọ́tlándì, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 2, ó kéré tán, kó tó ta ọtí fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì gba ìwé àṣẹ títa ọtí lórúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ọdún márùn-ún-márùn-ún.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí wọ́n bá ta ọtí fún ọmọdé tàbí fún ẹni tó ti yó, ìtanràn lè dé bá ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife náà kalẹ̀, kì í ṣe olówó ilé ọtí nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀mùtí fi ọkọ̀ ṣe léṣe lè pe ilé ọtí tó ta ọtí náà lẹ́jọ́. Ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìṣirò ọtí inú ife

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni pé ife kan kò jọ èkejì. Láti mọ iye ọtí pọ́ńbélé tó wà nínú ife, a ó mú ìwọ̀n rẹ̀ ní milílítà, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú agbára ọtí náà nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà a ó tún sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú 0.789. Bíà 355 milílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní gíráàmù 14. Wáìnì 148 milílítà tó jẹ́ 12% ní 14 bákan náà, ọtí líle 44 milílítà tó jẹ́ 40% sì súnmọ́ 14. Ìwọ̀n yìí ni Amẹ́ríkà ń pè ní ọtí kan. Àwọn orílẹ̀-èdè kò fẹnu kò lórí rẹ̀: gíráàmù 8 ni Brítéènì ń lò, Austrálíà ń lo 10. Agbọ́tí tó bá ka ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ ní orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ wo iye tí wọ́n gbà lérò kó tó kà á fún oníbàárà.

Ibi tí ìṣirò ti ń tan àwọn agbọ́tí jẹ ni ife ńlá àti àdàlù. Bíà 473 milílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 8% ní nǹkan bí gíráàmù 30, ó ju ọtí méjì ti Amẹ́ríkà lọ, síbẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé owó. Kọkitéèlì tí wọ́n bu ọtí líle márùn-ún sí, milílítà 15 láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí gíráàmù 24, ṣùgbọ́n adùn ohun tí wọ́n fi là á kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń mu ún mọ̀.

Ọwọ́ agbọ́tí fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń da ọtí láti ẹnu ìgò láìlo ife ìwọ̀n, tó ń fi kíkà ṣe é, máa ń yapa bí iṣẹ́ bá ti pọ̀. Bí ó bá ń da 60 milílítà níbi tó yẹ kó ti da 44, ife mẹ́ta tirẹ̀ ti di mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó mọ̀, oníbàárà pàápàá kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àtìgbàdégbà fi máa ń ní ìdánwò ọwọ́: wọ́n á rọ omi sínú ìgò ọtí òfìfo, wọ́n á ní kí agbọ́tí da ìwọ̀n mẹ́ta-mẹ́rin ní ìtẹ̀léra, wọ́n á wá da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tó ní àmì milílítà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yapa yóò padà sí ife ìwọ̀n títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tún gún. Ilé ọtí tó bá fẹ́ ìfọkànbalẹ̀ yóò kàn ní kí gbogbo ènìyàn máa lo ife ìwọ̀n ni.

Bí ọtí ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀

Díẹ̀ nínú ọtí ń gba ara ikùn wọ ẹ̀jẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ń wọ̀ ọ́ láti inú ìfun kékeré. Oúnjẹ máa ń dá a dúró pẹ́ nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó tètè dé ìfun. Ẹni tí kò jẹun ni ọtí tètè ń mú. Ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dé góńgó rẹ̀ láàárín 30 sí 90 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ife tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún agbọ́tí: bí ojú oníbàárà ṣe rí báyìí kì í ṣe bí yóò ṣe rí ní wákàtí kan sí i. Ẹni tó mu ife mẹ́ta kíákíá, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ geere, lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Onímọ̀ ọmọ Swídìn kan, Erik Widmark, ló gbé ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ṣì ń lò kalẹ̀: ẹ pín gíráàmù ọtí pẹ̀lú ìwúwo ara ní kílógíráàmù tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan, nǹkan bí 0.68 fún ọkùnrin àti 0.55 fún obìnrin, lẹ́yìn náà ẹ tún pín èyí tó bá jáde pẹ̀lú 10 kó lè di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọkùnrin tó wọn kílò 70 bá mu gíráàmù 28, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ní nǹkan bí 0.06%. Obìnrin tó wọn kílò 60, tó mu iye kan náà, yóò súnmọ́ 0.085%. Ẹ̀dọ̀ ń mú nǹkan bí 0.015% kúrò ní wákàtí kan, nítorí náà yóò gbà ju wákàtí márùn-ún lọ kí obìnrin náà tó bọ́ pátápátá. Kọfí kò lè mú ẹ̀dọ̀ yára, omi tútù kò lè ṣe é, eré sísá kò lè ṣe é. Ohun mímu amáragbé tí wọ́n fi la ọtí tún burú sí i, nítorí ó ń lé oorun lọ láìlé ọtí lọ, ẹni náà á wá rò pé ojú òun ti là.

Ìṣirò yìí kì í ṣe ohun tí agbọ́tí yóò máa fi ka ẹ̀jẹ̀ oníbàárà nídìí káńtà. Ó wà kí ó lè mọ ìdí tí òun fi ń ka ife, tí òun sì fi ń fi àyè sí àárín wọn.

Kíka àmì lára oníbàárà

Ọtí sábà máa ń tú ènìyàn sílẹ̀ ṣáájú: ohùn á ròkè, ẹ̀rín á pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrònú á bẹ̀rẹ̀ sí í yingin: yóò máa ra ọtí fún ẹni tí kò mọ̀ rí, yóò máa mu kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá, yóò máa sọ pé ọtí yín kò lágbára, yóò máa wá ọ̀rọ̀ ìjà. Tẹ̀ lé èyí, ara á dẹ̀: ahọ́n á wúwo, yóò gbàgbé ohun tó ń sọ, kò ní lè ka owó rẹ̀. Níkẹyìn ni ìtagọ̀ọ́gọ̀ọ́ àti dída ọtí sára. Agbọ́tí tó bá ń dúró de èyí tó kẹ́yìn yìí ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lo àwọ̀ iná ojú títì. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé ṣì dára. Ẹni tó bá ti dé ìyeyè, ẹ dín ọwọ́ kù fún un: ẹ gbé omi wá, ẹ fi ìwé oúnjẹ hàn án, ẹ má yára padà sí tábìlì rẹ̀. Pupa, ẹ má tà mọ́. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo àwọ̀ kan náà láti sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn ni àǹfààní rẹ̀. Bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá ní “tábìlì kẹrin ti di ìyeyè”, káńtà ti mọ ohun tó kàn.

Ìyípadà láti ìgbà tí ẹni náà wọlé ni kí a máa wò, kì í ṣe àmì kan ṣoṣo. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lè máa rìn ṣánṣán nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún. Nítorí náà kíka ife kò ṣeé fi sílẹ̀. Àìsàn náà lè jọ ọtí: sùgà tó wálẹ̀ lára alátọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, wárápá, ìfarapa orí. Bí ẹnì kan kò bá mu tó bó ṣe ń ṣe, ẹ pe ìrànlọ́wọ́ ìṣègùn. Ó tún lè jẹ́ pé ẹnì kan ti da oògùn sínú ife rẹ̀. Ẹni tó bá sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ kò tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, wà nínú ewu ikú. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan gbé e lọ sílé “kó lọ sùn ún kúrò”.

Bí a ṣe ń kọ̀

Kíkọ̀ ni apá tó nílò àtúnṣe jù lọ. Kí agbọ́tí tó lọ bá ẹni náà, kí ó kọ́kọ́ sọ fún máníjà àti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíràn má bàa ta ọtí fún un láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ó dúró níbi tí àwọn ènìyàn kò ti ní gbọ́, kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ẹ ti yó” jẹ́ ẹ̀sùn, èsì rẹ̀ sì ni àríyànjiyàn. “Ẹ má bínú, mi ò lè ta ọtí mìíràn fún yín lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mo lè gbé omi wá” jẹ́ ìpinnu, kò sì ní àríyànjiyàn nínú. Bí ó bá béèrè ìdí, òfin ni kí a dárúkọ. Bí ó bá bẹ̀bẹ̀, a ó tún gbólóhùn kan náà sọ láìyí i padà, nítorí àlàyé tuntun kọ̀ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn ìjiyàn tuntun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò yó sábà máa ń jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tó dára. Ẹ má gba ife kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú. Kò yẹ kí a lé e síta láìmọ bí yóò ṣe délé. Bí ó bá sì wọ ọkọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀, àwọn ọlọ́pàá ni kí a pè.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an: wákàtí, iye ife, àmì tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó wà níbẹ̀, bí ẹni náà ṣe kúrò. Kí wọ́n kọ “ó kọlu àga lẹ́ẹ̀mejì”, kì í ṣe “ó ti yó bàmùbàmù”.

Ṣíṣàyẹ̀wò ọjọ́ orí

Àṣà tó gbilẹ̀ ní Brítéènì ni pé kí a béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dà bíi pé kò tíì pé ọdún 25, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 18 ni òfin sọ. Agbọ́tí gbọ́dọ̀ gba káàdì náà sọ́wọ́, kí ó fọwọ́ pa etí rẹ̀, kí ó wo àwòrán, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìparí, kí ó sì bi ẹni náà ní ìbéèrè tí olówó káàdì kò ní rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, bí àdírẹ́sì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a wo àwòrán nìkan, kí a má ṣe ìṣirò ọjọ́ ìbí.

Bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju kíláàsì gígùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ. Wọ́n á ka ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti inú ìwé, wọ́n á béèrè ohun tí wọn ì bá ti ṣe ṣáájú, ẹnì kan á ṣe oníbàárà, èkejì á kọ̀ fún un. Bí ọtí tuntun bá wọlé, wọ́n á ṣírò gíráàmù rẹ̀ kó tó dé orí àkọsílẹ̀ ọtí. Àwọn ibòmíràn ń rán òṣèré tó ń ṣe bí ẹni tó ti yó wá, kí wọ́n mọ̀ bóyá wọn yóò tà fún un.

Stockholm, olú ìlú Swídìn, fi irú òṣèré bẹ́ẹ̀ wọn iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1996, nǹkan bí 5% péré nínú ìgbìyànjú wọn ni àwọn agbọ́tí kọ̀ láti tà. Ìlú náà dá ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún agbọ́tí, ẹ̀ṣọ́ àti olówó ilé ọtí, àwọn aláṣẹ ìwé àṣẹ àti ọlọ́pàá sì ń bẹ̀ wọ́n wò déédéé. Ní 1999 ó ti di 47%, ní 2001 ó di 70%, ìwà ipá tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ní àárín ìlú náà sì dín kù ní 29%. Ìwádìí Harold Holder àti Alexander Wagenaar ní 1994 náà rí i pé jàǹbá ọkọ̀ ẹyọ kan lálẹ́ dín kù ní nǹkan bí 23% ní Oregon, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn agbọ́tí ti gba ẹ̀kọ́. Àwọn ìwádìí tó wo kíláàsì nìkan, láìsí ìbẹ̀wò àti òfin ilé, kò rí irú àbájáde yìí kedere.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó kọ́ ọ lóṣù yìí lè ti lọ ní oṣù mẹ́fà sí i. Níbi tí tíìpù ti jẹ́ apá ńlá nínú owó agbọ́tí, kíkọ̀ ń ná an lówó. Èyí tó sì burú jù ni máníjà tó máa ń wá sí tábìlì láti fún ẹni tí agbọ́tí ti kọ̀ fún ní ọtí “ọ̀kan péré”. Lọ́jọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbọ́tí náà kò ní kọ̀ mọ́. Nítorí náà ni ètò Stockholm ṣe mú olówó ilé ọtí wọ kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí àwọn ilé tó ń ṣe é dáadáa sì kọ ọ́ sínú òfin ilé pé ìpinnu agbọ́tí láti má ta ọtí mọ́ kò ṣeé yí padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì yòówù tó bá béèrè.