Bí Agbára Ṣe Ń Padà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn

Kí ọwọ́ dókítà tó lè tó ọkàn, ayùn ni wọ́n sábà máa ń fi la eegun àyà sí méjì. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi wáyà irin tí kì í dípẹtà so ó pọ̀, inú ara ni wáyà ọ̀hún sì máa ń wà lọ. Ojú abẹ tí gbogbo èèyàn ń rí lè tètè jinná, àmọ́ eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í kánjú: ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ń gbà kó tó so, ó sì lè tó oṣù 3 kó tó le dáadáa.

Nítorí eegun yìí ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí aláìsàn má gbé ẹrù tó wúwo, kó má ti ilẹ̀kùn tó ki, kó má sì tíì wa ọkọ̀. Dídìde lórí ibùsùn pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ sókè. Á kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ìwúwo ẹsẹ̀ yẹn á wá bá a gbé àyà dìde. Bí ikọ́ bá dé, ìrọ̀rí ló máa gbá mọ́ àyà kí eegun má bàa mì. Kó má ṣe há ikọ́ náà mọ́ra o, nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà.

Láyé àtijọ́, ìsinmi ni wọ́n kà sí oògùn àìsàn ọkàn. Ẹni tí àìsàn ọkàn bá kọlù lójijì lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀. Lọ́dún 1952, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Samuel Levine àti Bernard Lown, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé jókòó sórí àga dípò bẹ́ẹ̀, tí ara wọn sì ń yá. Lóde òní, kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí nọ́ọ̀sì á ti gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn jókòó, kí wọ́n tó máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ tètè máa ń joro, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú ẹsẹ̀ tí kò mira.

Ìrìn inú wọ́ọ̀dù yẹn ni ìpele kìíní ètò ìmúpadàbọ̀sípò ọkàn. Ìpele kejì ni gbọ̀ǹgbò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nílé, aláìsàn á máa padà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí oṣù 2 sí 3. Wọ́n á lẹ ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ ọn láyà, á na ara díẹ̀, á rìn lórí ẹ̀rọ tàbí kó gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, á sì dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó jókòó.

Ibi tó gba ọgbọ́n ni mímọ bí eré ìdárayá náà ṣe yẹ kó le tó. Ẹnìkan lè ní kí wọ́n ṣáà ka bí ọkàn ṣe ń lù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo oògùn beta-blocker, tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe máa ń sáré. Nítorí náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bi bí eré náà ṣe le fún un tó. Gunnar Borg, ọmọ Sweden, ló ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, láti 6 dé 20: 6 ni ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, 20 ni ti ẹni tí agbára rẹ̀ ti pin. Àárín 11 sí 13 ni wọ́n sábà ń fẹ́. Ẹni tí òǹkà bá sú lè fi ẹnu wọ̀n ọ́n: bó bá lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti dé ibi tó yẹ.

Kì í ṣe ọkàn nìkan ló ń jèrè. Iṣan ẹsẹ̀ tó ti mọ́ iṣẹ́ lára ń gba ọ́síjìn púpọ̀ sí i látinú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ò sì ní ṣe wàhálà tó ti tẹ́lẹ̀ kí èèyàn tó gun àtẹ̀gùn kan náà. Ìwádìí lórí àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí fi hàn pé ètò yìí ń dín pípadà sí ọsibítù kù, ó sì ń dín ikú àìsàn ọkàn kù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í lọ. Obìnrin àti àgbàlagbà ni àwọn dókítà kì í sábà darí síbẹ̀, èyí kò sì bójú mu rárá.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ẹ̀jẹ̀ kò kó ọ̀rá tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ kúrò, iṣan tuntun tí wọ́n fi la ọ̀nà náà sì lè dí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ oògùn, sìgá tó gbọ́dọ̀ dópin, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Wọ́n tún ń béèrè nípa ẹkún tí kò nídìí, àìróorunsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì, tó wọ́pọ̀ gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, tí ojú sì máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti sọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé: ibà, ọyún lójú abẹ, eegun àyà tó ń dún kọ́kọ́kọ́ béèyàn bá yí ara, ọkàn tó ń lù ségesège, èémí tó ń ṣe gúlegúle lórí ìjókòó, tàbí ara tó fi ju kílò kan lọ wúwo sí i láàárín ọjọ́ kan. Omi ló sábà ń kó jọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n pe dókítà.