Omi ló ń fọ́ ìkòkò nínú iná, kì í ṣe afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ amọ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ọ: "Po amọ̀ yẹn dáadáa o, bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, gbàmù ni yóò bú nínú iná." Kí á po amọ̀ dára, torí kò ní le níbì kan kó rọ̀ níbòmíì. Ìdí tí wọ́n ń sọ yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ara amọ̀ kún fún ihò wínníwínní, afẹ́fẹ́ á rọra gba ibẹ̀ jáde. Omi gan-an ni ọ̀daràn.

Ìkòkò lè funfun lójú bíi pé ó ti gbẹ. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù, omi ṣì ń ti ara rẹ̀ jáde. Bí iná ìléru bá wá dé 100°C, omi tó kù á hó, á di oru, oru yìí á sì gba àyè tó ju ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bíi gbọ̀ngàn tí èrò kún ni, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ju tóóró lọ. Bí wọ́n bá ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò séwu. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wú ní ìlọ́po 1,600 kó tó débẹ̀: ògiri ni wọn yóò dá lu.

Ibi tó nípọn, bí ìdí ìkòkò, ló sábà máa ń fọ́, torí ibẹ̀ ni omi ti ń pẹ́ jáde jù. Ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ti máa ń há. Ẹ ò rí i pé torí pé ibi tí olè ti jà ni wọ́n ti bá afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe mú un! Ẹni tó mọṣẹ́ á fi iná sílẹ̀ nísàlẹ̀ 100°C fún wákàtí bíi mélòó kan ná.

Omi kejì tún wà, èyí tó jẹ́ ara amọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú kaolin, irú amọ̀ funfun kan, ó tó nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Bíi 450°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Títí dìgbà náà, gbogbo àṣìṣe ṣì ṣeé tún ṣe, ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbọ́n jù nìyẹn: ìkòkò tó wọ́, ẹ jù ú sínú omi, á di ẹrẹ̀ padà, ẹ tún un mọ. Lẹ́yìn tí omi kejì bá ti lọ, bó lo ọdún kan nínú odò, ìkòkò wíwọ́ náà ni yóò jẹ́.