Ọ̀dọ̀ Coulomb ni Ìmọ̀ Ọjọ́ tí Òkè Yóò Ya ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn òkè kan wà tí wọn kì í ya lójijì. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń fà díẹ̀díẹ̀ sísàlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé lórí wọn. Ọjọ́ wo ni fífà yìí yóò di yíya? Inú ẹ̀kọ́ fíríkíṣọ̀n ni ìdáhùn wà, ìyẹn agbára tó ń di ohun méjì tó ń gbo ara wọn mú kí ọ̀kan má baà yọ̀ lórí èkejì. Lójú tèmi, Charles-Augustin de Coulomb ará Faransé ló ni ọlá ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn kan á ní Leonardo da Vinci ni. Ó kọ òfin fíríkíṣọ̀n sínú ìwé rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Amontons ará Faransé tún un rí ní 1699, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń rò, kì í ṣe ilẹ̀.

Ilẹ̀ ni Coulomb bá wọ̀jà. Ẹnjiníà ológun ni. Ní 1764 wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Martinique láti kọ́ odi Fort Bourbon, ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ògiri tí erùpẹ̀ ń tì láti ẹ̀yìn mọ ìdààmú rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé iwájú erùpẹ̀ gidi yẹn ni èrò rẹ̀ ti hù, kì í ṣe nínú yàrá ìkàwé kan ní Paris. Ní 1773, ọdún kan péré lẹ́yìn tó padà dé, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì: nǹkan méjì ló ń di ilẹ̀ mú, bí erùpẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ra, àti fíríkíṣọ̀n, tó ń pọ̀ sí i bí ẹrù orí rẹ̀ bá ṣe ń wúwo sí i. Títí dòní, òun ni wọ́n fi ń ṣírò òkè.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. Ní èbúté Rochefort ní Faransé, ó gbé igi lé igi, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí ìgbà pípẹ́, ó wá fà wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ lórí ara wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣòro láti ṣí nípò. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Àkádẹ́mì ní 1781. Coulomb ti fi àkókò kún fíríkíṣọ̀n nìyẹn, láìsí àkókò sì rèé, ta ni yóò lè dá ọjọ́?

Látinú fricare ti èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn láti gbo nǹkan. Èdè tiwa tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: a ní ilẹ̀ ń yọ̀, a sì ní ilẹ̀ ya. Àárín méjèèjì gan-an ni iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ yìí wà.

Ẹnjiníà Terzaghi fi ọ̀rọ̀ omi kún ẹ̀kọ́ Coulomb ní àwọn ọdún 1920: omi inú erùpẹ̀ ń gba lára ẹrù náà rù, fíríkíṣọ̀n sì ń dín kù. Síbẹ̀, òkè Toc ní Vaiont, Ítálì, fà fún bí ọdún mẹ́ta lójú àwọn tó ń wọn ìrìn rẹ̀. Ní 9 Oṣù Kẹwàá 1963 ó ya sínú adágún ìsédò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi fò kọjá ìsédò náà, nǹkan bí 2,000 ènìyàn kú.

Àwọn kan ń pe Saito ará Japan ní baba àsọtẹ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1965 lórí dídá ọjọ́ tí òkè yóò ya. Ní 1985, Fukuzono, ará Japan bíi tirẹ̀, fi hàn pé bí a bá fi eré òkè pín 1, tí a sì ń ya ìlà rẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ìlà náà bá máa kan òdo ni ọjọ́ yíya. Ó wúlò gan-an, àmọ́ kò sọ ohun tó ń mú eré pọ̀ sí i.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Dieterich ní 1979 àti Ruina ní 1983, ló padà sídìí igi Coulomb, nítorí ìmìtìtì ilẹ̀: fíríkíṣọ̀n ń tẹ̀lé eré, ó sì ń rántí bí ìfarakanra ṣe pẹ́ tó. Bí eré bá ń mú un le sí i, òkè á máa fà lọ. Bó bá ń mú un rọ̀, òkè lè já. Ní 2004, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Helmstetter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin yìí wo òkè Vaiont, wọ́n rí rírọ̀. Wọ́n fi wo òkè La Clapière ní Faransé, tó sáré ní 1987 tó tún dẹwọ́, wọ́n rí líle. Sátẹ́láìtì ló wá ń wọn ìrìn òkè báyìí. Òkè Mud Creek ní Kalifóníà ya ní 20 Oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí òjò ńlá dé lẹ́yìn ọ̀dá, ó sì bo ojú títì. Àwọn àwòrán tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn náà fi hàn pé ó ti ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún.