Ẹ Fi Ọwọ́ Òsì Ọmọ Yẹn Sílẹ̀, Etí Ẹ̀ Ni Kẹ́ ẹ Yẹ̀ Wò

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Badagry níbí, pàápàá àwọn ìyá tó ń wá láti Ajara àtàwọn tó ń ṣòwò lọ Seme, ni pé "Àǹtí, ọmọ yìí ti lé lọ́dún méjì kò tíì sọ̀rọ̀, ṣé kì í ṣe tọwọ́ òsì tó ń lò yẹn?" Tí ìyá àgbà bá sì tẹ̀ lé wọn wá, ìyá àgbà ti ní ìdáhùn tiẹ̀ nìyẹn, wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ òsì náà, wọ́n ti fi ata pa á, tíṣà ń fi rúlà gbá a níléèwé, ọmọ ò sì tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọwọ́ ọmọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ran ọmọ tọ́rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú orí yẹn, torí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àtọ̀rọ̀ ẹnu tan mọ́ra díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò.

Ọpọlọ pín sí apá méjì, òsì àtọ̀tún, okùn iṣan kan tó nípọn ló so wọ́n pọ̀ láàárín, fọ́nrán tó wà nínú okùn yẹn á tó mílíọ̀nù 200. Apá òsì ló ń darí ọwọ́ àtẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí tòsì. Ní 1861, nílé ìwòsàn kan nítòsí Paris, dókítà tó ń jẹ́ Paul Broca pàdé ọkùnrin kan tó jẹ́ pé kò sóhun tẹ́ ẹ máa bi í, "tan, tan" ló máa fi dáhùn, ohun táwọn èèyàn ń sọ ń yé e o, ọ̀rọ̀ gan-an ni ò jáde. Nígbà tó kú tí Broca wo ọpọlọ ẹ̀, iwájú apá òsì ló ti bàjẹ́. Carl Wernicke, ará Jámánì, fi tiẹ̀ kún un ní 1874, ó ní ibòmíì tún wà lápá òsì náà, ọwọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀, tíbẹ̀ bá bàjẹ́ èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lọ geere àmọ́ kò ní nítumọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un náà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yé e.

Bó ṣe di pé à ń sọ pé apá òsì ni ọ̀rọ̀ ń gbé nìyẹn. Nínú 100 èèyàn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bí 95 ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ wá dúró gbọ́ èyí: nínú 100 ọlọ́wọ́ òsì, bí 70 ni apá òsì náà ń bá ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀, bíi tẹ̀yin àtèmi. Àwọn tó kù, apá ọ̀tún ni tiwọn tàbí kí apá méjèèjì jọ pín in ṣe, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń bá ọlọ́jà ná ọjà. Tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ òsì, ọ̀rọ̀ ò ní torí ẹ̀ kó ẹrù láti apá kan lọ sí ìkejì. Mo mọ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ kọ́ ọmọ nìyẹn, ọmọlúàbí la fẹ́, àmọ́ ọwọ́ tó fi ń mú ṣíbí àtèyí tó máa fi kọ̀wé, ẹ fi sílẹ̀ fún un. (Ẹ tún bá mi sọ fáwọn tó ń fi "ṣé apá òsì ọpọlọ lo fi ń ronú àbí apá ọ̀tún" ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utah wo ọpọlọ èèyàn tó lé ní 1,000 ní 2013, wọn ò rí i pé àwọn kan jẹ́ "elápá òsì" táwọn kan jẹ́ "elápá ọ̀tún". Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló níbi tó fì sí, kì í ṣe èèyàn.)

Àwa tá à ń sọ Yorùbá tún ní tiwa níbẹ̀. Orin àti ohùn tó ń fi hàn pé inú ń bí ẹnì kan, apá ọ̀tún ló máa ń pọ̀ sí. Ẹnì kan lè wá rò pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, tó jẹ́ ohùn ló yà wọ́n, ọ̀tún náà ló yẹ kí wọ́n wà. Rárá o. Diana Van Lancker àti Victoria Fromkin dán an wò ní 1973 lára àwọn ará Thailand, tí èdè wọn náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Etí ọ̀tún, tọ́nà ẹ̀ lágbára jù sí apá òsì, ló gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ wọn dáadáa jù, àmọ́ nígbà tí wọ́n kàn ń kùn ohùn yẹn lásán tí kò sọ́rọ̀ nínú ẹ̀, etí méjèèjì dọ́gba. Tí ohùn bá ti jẹ́ ara ọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló máa bá a lọ.

Tọmọdé ló wá yàtọ̀. Ọmọ oṣù 3, tí kò tíì lè jókòó, wọ́n gbé irú wọn sínú ẹ̀rọ skáànù nílẹ̀ Faransé, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2002, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí apá òsì ti ń jí sí i ju tọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ò tíì yọwọ́ o. Elissa Newport àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Georgetown ní Amẹ́ríkà sọ ní 2020 pé ọmọ ọdún 4 sí 6 tó bá ń gbọ́ gbólóhùn, apá méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń dàgbà ni tọ̀tún ń rọra fà sẹ́yìn. Ẹ wò ó bí èèyàn méjì tó jọ ń wa ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, tí ọ̀kan bá ti mọ̀ ọ́n wà dáadáa ìkejì á gbé àjẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ inú ọkọ̀ ló ṣì wà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tí sítúróòkù mú ní bíbí, tó sì ba apá òsì jẹ́ (ó ń ṣẹlẹ̀ sọ́mọ tuntun, kì í ṣe àgbàlagbà nìkan), ṣì lè wá sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn Newport kan náà wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà, wọ́n gbé e jáde ní 2022, ojú ibi kan náà lápá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Bàbá ẹni 60 ọdún tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ò ní ríbi kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má wá torí ẹ̀ sọ pé ọpọlọ ọmọdé á tún ara ẹ̀ ṣe, ká máa wòran. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ SS nílé, ẹ jọ̀ọ́: ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 1998 fi hàn pé tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, bí 11 nínú 100 wọn ni sítúróòkù máa mú kí wọ́n tó pé 20 ọdún. Láti ọdún 2 ló yẹ kí wọ́n ti máa fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ wọn lọ́dọọdún, kì í dùn wọ́n rárá, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ẹ béèrè nípa oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea náà.

Ọwọ́ kan wà tí mo máa ń bẹ̀rù ṣá, kì í ṣe tòsì, ọwọ́ tí ọmọ tètè yàn jù ni. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ọwọ́ méjèèjì ló yẹ kó máa fi na nǹkan. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ oṣù 7, oṣù 8, tó jẹ́ ọwọ́ kan péré ló ń lò, tó di ìkejì ní ẹ̀ṣẹ́ ṣáá, ó lè jẹ́ pé ìkejì yẹn ni ò lágbára, bóyá nǹkan ti ṣe ọpọlọ ẹ̀ ní bíbí. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ó kù sétí. Apá òsì ọpọlọ lè wà ní pípé, tí ọ̀rọ̀ ò bá wọlé kò sóhun tó máa fi ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ní jọ́ńdíìsì tó le nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tí ò tètè ké, èyí tó ní mẹnínjáítìsì, èyí tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ gentamicin lágùnjù, èyí tétí ẹ̀ ń ṣọyún ní gbogbo ìgbà, gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n yẹ etí wọn wò. Ìyá á ní "ó ń gbọ́ o, tí mo bá pa ilẹ̀kùn dé ó máa ń yíjú." Ilẹ̀kùn ni, ìlù ni, ìyẹn rọrùn láti gbọ́, ó lè gbọ́ wọn kó má gbọ́ "s" àti "f" rárá, ọ̀rọ̀ á wá máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní ẹ̀já-ẹ̀já. Ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, àwọn dókítà etí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n fi ń wò ó tọ́mọ bá ń sùn, kò nílò kó dáhùn. Kódà tó bá jẹ́ pé ọmọ ò gbọ́ rárá, ẹ má jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè kọ́ ọ ní èdè adití, torí àwọn adití tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, apá òsì ọpọlọ yẹn náà ni wọ́n ń lò fún un, ṣe ni ọ̀rọ̀ gba ojú wọlé.

Àwọn tó ní ká gé abẹ́ ahọ́n, ahọ́n tó dè lè mú kí ọmọ má pe àwọn ohùn kan dáadáa, tàbí kó ṣòro fún un láti mu ọmú, kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kí ọmọ ọdún 2 má lọ́rọ̀ kankan. Àwọn tó ní ọkùnrin máa ń pẹ́, oṣù díẹ̀ ni o, kì í ṣe ọdún. Ti pé èdè pọ̀ jù nílé, Ògù lọ́dọ̀ ìyá àgbà, Yorùbá ládùúgbò, gẹ̀ẹ́sì níléèwé, faransé tí bàbá ń gbé bọ̀ láti bọ́dà, ìyẹn náà kì í fa kí ọ̀rọ̀ pẹ́, ọpọlọ kì í kún. Gbogbo èdè yẹn ni kẹ́ ẹ pa pọ̀ kà: tó bá ní ọ̀rọ̀ 20 ti Ògù àti 30 ti Yorùbá, 50 ló ní. Ní oṣù 12 ó yẹ kó máa pe ẹnì kan ní nǹkan kan, tó bá di ọdún 2 kó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, "bàbá lọ", "omi dà". Tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ má dúró de ọdún 3.

Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sínú ìwé, bó ti wù kó máa pè é, ẹ mú káàdì tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ bí i lọ́wọ́, ẹ sì fi fóònù ká fídíò ẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré nílé, torí tó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi tó rí aṣọ funfun, ẹkún ló máa bú sí, kò ní sọ kankan nínú ẹ̀ fún mi.